Ọmọ Tí Wọ́n Ní Kò Sí ní Ìyàmoyè

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá kí mi ní Kàbà máa ń béèrè pé iṣẹ́ wo gan-an ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bí mo bá ní iṣẹ́ àbójútó àti àgbéyẹ̀wò ètò ni, wọ́n á mi orí, ṣùgbọ́n ojú wọn á fi hàn pé kò yé wọn. Nítorí náà mo ti wá ọ̀nà kúkúrú tí mo fi ń ṣàlàyé rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sọ pé òun fún àwọn ọmọ aláìlóbìí ní oúnjẹ ní Odò-Apé, èmi ni wọ́n máa ń rán lọ wò ó bóyá àwọn ọmọ náà jẹun. Iṣẹ́ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sì pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, wọ́n ní kó wá ṣe irú iṣẹ́ yìí, kò sì mọ̀ bóyá kó gbà á tàbí kó dúró de iṣẹ́ báńkì. Mo ní kó kọ́kọ́ gbọ́ bí ó ti rí.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Akọ̀wé ni mí ní ẹ̀ka ìlera ní Ìlọrin. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, wọ́n kó àwa ọmọ Okun, Yorùbá agbègbè Kàbà, lọ sí Lọ́kọ́ja, níbi tí ọ̀pọ̀ wa kò ti rí àga jókòó lé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹgbẹ́ aláàánú kan gbé ètò wá fún àwọn ọmọ tí éèdì pa òbí wọn. Wọ́n ń wá ẹni tó mọ̀wé kọ, tó gbọ́ èdè àdúgbò, tí kò sì bẹ̀rù ọ̀kadà. Mo yọjú, wọ́n gbà mí. Owó oṣù náà kéré, ṣùgbọ́n ó ń wọlé lásìkò, èyí kò sì wọ́pọ̀ ní Lọ́kọ́ja nígbà náà.

Oògùn tó ń dá kòkòrò HIV dúró kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà yẹn. Ohun tí ètò náà lè ṣe ni kó san owó ilé ìwé, kó fún ilé tó gba ọmọ tọ́ ní ẹ̀wà àti sóyà, kó sì san owó ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn fún àwọn ọmọ tí kòkòrò náà wà lára tiwọn pàápàá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gba Sẹ́púrínì tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ kí òtútù àyà má baà pa wọ́n. Ó dà bí ohun kékeré. Ẹni tó bá ti gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jókòó lórí ẹsẹ̀ mọ̀ pé kò kéré.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ọ̀gá Dẹ́bọ́rà, obìnrin ará Ìyàrá, nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀, tó ga, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í gbé ohùn sókè. Ohùn ìsàlẹ̀ yẹn la ń bẹ̀rù. Ìròyìn àkọ́kọ́ tí mo kọ láti Odò-Apé, mo ní wọ́n sọ pé àwọn ọmọ ń lọ sílé ìwé dáadáa. Ó kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀.

"Ta ni wọ́n?"

Mo ní àwọn ará ilé ni.

"Ará ilé wo? Ìyá àgbà ni, àbí ẹ̀gbọ́n bàbá? Ó rí ọmọ náà bó ṣe ń lọ ni, àbí wọ́n sọ fún òun náà?"

Ó fa ìwé náà ya sí méjì, ó rọra kó o sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí, ó sì ní kí n padà lọ. Ìgbà òjò ni. Ọ̀nà Odò-Apé nígbà òjò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n. Èmi àti ọlọ́kadà ti ọkọ̀ ju bó ṣe gbé wa lọ. Nígbà tí mo débẹ̀ tí mo sì jókòó ti ìyá àgbà kan nídìí ààrò, ó sọ fún mi pé lóòótọ́ làwọn ọmọ ń lọ sílé ìwé, àyàfi ọjọ́ tí wọ́n bá ń gbin iṣu, ọjọ́ tí wọ́n bá ń ro oko, àti ọjọ́ tí wọ́n bá ń wa iṣu. Mo kọ ọ́ bí ó ti sọ ọ́. Ọ̀gá Dẹ́bọ́rà kà á títí dé ìparí, ó ní, "Nísinsìnyí lo lọ sí Odò-Apé."

Bó ṣe tọ́ mi nìyẹn. N kò gbọdọ̀ kọ ohun tí n kò gbọ́ létí ara mi. N kò gbọdọ̀ tú ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí sí èdè òyìnbó kí n tó kọ́kọ́ kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀. N kò sì gbọdọ̀ gba iṣu níbi tí mo bá ti lọ ṣe àyẹ̀wò, bó ti wù kí onílé bẹ̀ mí tó. Ìgbà kan tí ọkùnrin kan ní Ìkòyí ilẹ̀ Ìjùmú ti iṣu bọ inú àpò mi láì jẹ́ kí n mọ̀, Ọ̀gá Dẹ́bọ́rà rí i, ó bi mí bóyá iṣu náà ni ẹlẹ́rìí tí mo mú bọ̀. Ó ní kí n dá a padà, mo sì dá a padà. Ìyàwó ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín mi títí mo fi wọ ọkọ̀.

Irinṣẹ́ wa nígbà náà kò ju bírò, pákó tá a fi ń gbé ìwé lé ẹsẹ̀ àti bébà kábọ̀nù lọ. Ẹni tí kò bá tẹ bírò dáadáa, ẹ̀dà kẹta kì í hàn, ó sì máa tún gbogbo rẹ̀ kọ.

Nǹkan tí mo fẹ́ sọ gan-an ṣẹlẹ̀ ní Ìyàmoyè.

Ẹni tó ń ṣojú ètò náà níbẹ̀ láì gba owó ni Alàgbà Mátíù, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Kò sí ilé tí kò kọ́ ọmọ ibẹ̀ rí. Òun ló ń lọ láti ojúlé dé ojúlé wo ọmọ tó pàdánù òbí, òun ló ń kọ orúkọ wọn ránṣẹ́ sí wa, òun náà ló ń dúró ti ẹ̀wà títí wọ́n á fi pín in tán. Lára àwọn ọmọ tó kọ ránṣẹ́ ni Káyọ̀dé. Awakọ̀ ni bàbá rẹ̀, ojú ọ̀nà Lọ́kọ́ja ló ń ná. Ó kú, ìyá Káyọ̀dé náà sì tẹ̀ lé e. Kòkòrò náà wà lára ọmọ náà. Àbúrò bàbá rẹ̀ tó jẹ́ àgbẹ̀ ló gbà á sílé, ìyàwó àbúrò yìí, Rèbékà, ọmọ Ìkòyí, ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Rèbékà wọ ilé náà ní ìyàwó nígbà tí Káyọ̀dé ti ń sáré kiri àgbàlá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí èyí.

Àwọn tó ń fowó sí ètò náà rán olùyẹ̀wò wá láti wò ó bóyá òótọ́ ni gbogbo ohun tí à ń sọ. Ọ̀gbẹ́ni Bándà ni orúkọ rẹ̀, ará Zambia, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń bọ́ fìlà kó tó wọlé onílé. Òfin iṣẹ́ wa ni pé àwa tí à ń ṣe ètò kò gbọdọ̀ wà nítòsí nígbà tí olùyẹ̀wò bá ń bi àwọn èèyàn léèrè, kí a má baà fojú sọ ohun tí wọ́n máa wí. Òfin tó dára ni. Èmi náà lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Èmi àti Alàgbà Mátíù dúró sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n gbà ní Lọ́kọ́ja ló ń túmọ̀ fún Ọ̀gbẹ́ni Bándà. Yorùbá tirẹ̀, lẹ́nu àwọn oníṣòwò ló ti kọ́ ọ.

Òfin kò tún gbà kí olùyẹ̀wò máa bi ọmọdé ní ìbéèrè nípa irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà tó ń tọ́jú ọmọ ni wọ́n ń bi, ìbéèrè àkọ́kọ́ kò sì le: kí ni orúkọ ọmọ tẹ́ ẹ gbà tọ́?

Nígbà tí wọ́n jáde nílé tó gbẹ̀yìn, Ọ̀gbẹ́ni Bándà kò wo ojú wa. Kò pẹ́ tí ìròyìn rẹ̀ fi dé Lọ́kọ́ja. Ó ní ní Ìyàmoyè, obìnrin lẹ́yìn obìnrin ni kò lè sọ orúkọ ọmọ tí wọ́n ní òun ń tọ́. Òmíràn wo ilẹ̀, òmíràn rẹ́rìn-ín, òmíràn dá orúkọ kan tí kò sí nínú ìwé wa. Ọmọ pọ̀ nínú àgbàlá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ kì í wọ́n nínú àgbàlá kankan. Ó ní kò sí ẹ̀rí pé àwọn ọmọ tí Alàgbà Mátíù kọ sílẹ̀ wà láyé.

Wọ́n dá ohun gbogbo dúró ní Ìyàmoyè títí dìgbà tí wọn ó fi pinnu. Ẹ̀wà kò dé mọ́. Owó ọkọ̀ ilé ìwòsàn kò dé mọ́. Ọ̀rọ̀ sì ràn nílùú pé ọ̀gá ilé ìwé dá ọmọ sílẹ̀ lórí ìwé kó lè máa rí ẹ̀wà jẹ. Bó bá ti ń kọjá níwájú búkà oníkẹ̀kẹ́ tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, níbi tí àwọn ọkùnrin ti máa ń jókòó, ẹnì kan á ké sí i látinú ibẹ̀ pé, "Tísà, àwọn ọmọ yín tí kò ní ara ńkọ́? Ṣé wọ́n ti jẹun?" Àwọn kan lára àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, òun ló kọ́ wọn ní A, B, D. Ó wá dẹ́kun gbígba ibẹ̀ kọjá. Ó sọ fún mi pé ọ̀nà ẹ̀yìn tútù jù lọ. N kò bá a jiyàn.

Ní àkókò yìí ni Sẹ́púrínì Káyọ̀dé tán. Ọkọ Rèbékà ń wá owó ọkọ̀, ara ọmọ náà sì ń gbóná. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn ní Kàbà, kò mọ ibi tó wà mọ́. Mo gbọ́, mo lọ wò wọ́n. Omi ń kán sí i lápá, ojú rẹ̀ ti là. Rèbékà jókòó lórí ilẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, gèlè rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo kí i bí a ti ń kíra nílẹ̀ wa pé okun o. Ó dá mi lóhùn, kò sì fi nǹkan kan kún un.

Lẹ́yìn tí wọ́n dá wọn sílẹ̀, mo lọ sí Ìyàmoyè láìsí ìwé lọ́wọ́. Rèbékà ń bó ẹ̀gẹ́, mo fa àpótí, mo bá a bó o. A kò tíì bó o jìnnà tó fi ké sí ẹ̀yìnkùlé pé, "Eyínafẹ́, gbé igbá wá." Káyọ̀dé ló gbé igbá wá, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná, ó sì ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú eyín funfun tó bá orúkọ yẹn mu.

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ mi. Èmi náà ìyàwó ilé ni. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ mi ni mo ti ń pe àbúrò rẹ̀ ní Akọ̀wé, torí mo bá a nílé. A kì í pe ọmọ tí a bá nílé ọkọ ní orúkọ tí ilé sọ ọ́. Ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́, ó ṣáájú wa débẹ̀. A máa ń fún un ní orúkọ tiwa. Ìyá mi ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá ọkọ mi ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó jókòó kọ́ wa.

Mo bi í pé kí ló sọ fún àlejò yẹn.

"Ó ní kí ni orúkọ ọmọ. Mo wò ó pé kí ló ń bi mí. Mo ní Eyínafẹ́ ni mo ń pè é. Ọmọkùnrin tó tẹ̀ lé e sọ nǹkan kan sí i, ó sì kọ̀wé."

"O kò sọ fún un pé o kì í pe orúkọ rẹ̀?"

"Tẹ́ ẹ bá jẹ́ èmi, ẹ máa rò pé ó yẹ kéèyàn sọ ọ́?"

Mo gbé e lọ fún Ọ̀gá Dẹ́bọ́rà bí ó ti jáde lẹ́nu Rèbékà. Mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn. Ó ní ilé kan nìyẹn. Àwọn ilé yòókù ńkọ́? Mo padà, mo sì lọ kárí. Báyìí náà ló rí. Ní ilẹ̀ wa, àbúrò bàbá ló sábà máa ń gba ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú, ìyàwó àbúrò sì sábà máa ń dé lẹ́yìn tí wọ́n ti bí ọmọ náà. Ilé kan ṣoṣo tí Ọ̀gbẹ́ni Bándà fọwọ́ sí ni ibi tí ìyàwó ti lọ sọ́jà, tó jẹ́ pé ìyá àgbà ló dáhùn. Nígbà tí mo sọ èyí, Ọ̀gá Dẹ́bọ́rà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá ètò náà ní Abùjá pé òun kò ní fọwọ́ sí ìròyìn náà títí ẹni tó kọ ọ́ á fi padà wá fetí ara rẹ̀ gbọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun mọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Bándà padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí ó ní kí a wà níbẹ̀, èmi ni mo sì túmọ̀. Ilé Rèbékà la kọ́kọ́ lọ. Mo ṣàlàyé àṣà náà fún un, ó gbọ́, ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè kọ àlàyé mi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ṣé obìnrin náà mọ orúkọ ọmọ yìí, àbí kò mọ̀ ọ́n?

Gbogbo wa wo Rèbékà.

Alàgbà Mátíù, tí n kò rí i kó bẹ ẹnikẹ́ni rí, sún mọ́ ọn. "Ìyàwó, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹnikẹ́ni ò ní bi ọ́. Pè é kí wọ́n lè fún un ní oògùn rẹ̀."

"Alàgbà, ẹ má bínú," ni Rèbékà wí. "Kí wọ́n bi mí ní ohun tó ń jẹ. Kí wọ́n bi mí ní ẹ̀gbẹ́ tó máa ń fi sùn tí ikọ́ bá mú un. Ìyẹn ni mo lè sọ. Èyí tẹ́ ẹ wí yẹn, n kò lè ṣe é."

Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ti wí i. Ọ̀gbẹ́ni Bándà pa ìwé rẹ̀ dé. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi, kì í ṣe bí olùyẹ̀wò, pé ìyá òun kò pe orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀ títí tó fi wọ ilẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá jọ orúkọ náà, á wá ọ̀rọ̀ mìíràn lò. Ó ní òun kò tilẹ̀ rò ó pé irú rẹ̀ lè wà níbòmíràn. Ó dìde, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó sì fi ohùn ará Zambia ké pe Káyọ̀dé.

"Sà!" ni ọmọ náà dáhùn, ó sì sáré wá sí ẹnu ọ̀nà, igi ìdáná ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò béèrè ohun mìíràn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe láti ilé dé ilé: òun a pè, ọmọ a jẹ́. Ètò náà padà bẹ̀rẹ̀. Alàgbà Mátíù gba iwájú búkà oníkẹ̀kẹ́ kọjá lọ́jọ́ tí ẹ̀wà dé, ó sì dúró. Ó ní òun wá sọ fún wọn pé àwọn ọmọ òun ti ní ara. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gbẹ́ni Bándà ló dárúkọ mi fún iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè tó tẹ̀ lé e. Mo ṣiṣẹ́ ní Zambia, mo ṣe é ní Lesotho níbi tí àwọn ìyàwó náà ti ní orúkọ tí ẹnu wọn kì í dé. Gbogbo ibi tí mo dé ni mo ti kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé kí ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò fúnra rẹ̀ pe orúkọ, kí ó sì wo ẹni tó máa jẹ́ ẹ. Bébà kábọ̀nù lọ, kọ̀ǹpútà dé, ẹ̀yìn náà ni fóònù tó ń fi ibi téèyàn dúró hàn lórí àwòrán ilẹ̀. Fóònù yẹn fòpin sí àwọn tó ń jókòó sábẹ́ igi kọ ìròyìn ìlú tí wọn kò dé. Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ìdí tí obìnrin kan fi wo ilẹ̀. Oògùn tó ń dá kòkòrò náà dúró dé, àwọn ọmọ tí à ń kà kí wọ́n má baà kú wá ń dàgbà, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó ń ṣègbéyàwó.

Káyọ̀dé wà lára wọn. Jórinjórin ni ní Lọ́kọ́ja báyìí, kì í sì fi oògùn rẹ̀ ṣeré. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo lọ kí Rèbékà. Ó ti darúgbó díẹ̀, ó ṣì ń pè é ní Eyínafẹ́. Mo wá bi í ní ohun tí n kò bi í ní gbogbo ọdún wọ̀nyí: lọ́jọ́ tí gbogbo wa dúró lé e lórí, tí oúnjẹ àti oògùn ọmọ náà so mọ́ orúkọ kan, ṣé kò ṣe é bíi kó kàn pè é ni?

Ó ń to ẹ̀gẹ́ sínú agbọ̀n. Kò dúró.

"Mo ti pè é kẹ́ ẹ tó dé," ló wí. "Ní ilé ìwòsàn, ní Kàbà. Ojú rẹ̀ yí lọ, ọwọ́ rẹ̀ rọ. Mo pè é ní Eyínafẹ́, kò dáhùn. Mo tún un pè, kò dáhùn. Mo ní ó ti ń lọ, bóyá kò mọ̀ mọ́ pé òun ni mò ń bá wí. Mo wá pe èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Mo pariwo rẹ̀ débi pé àwọn nọ́ọ̀sì sáré wá."

"Ó sì dáhùn?"

"Ó jẹ́ mi." Ó gbé agbọ̀n náà, ó gbọn eruku ẹ̀gẹ́ kúrò lára ìró rẹ̀. "Nítorí ẹ̀mí rẹ̀ ni mo ṣe pè é. N kò lè tún un pè nítorí ẹ̀wà."